Ẹ Yé Fi Akàn Ńlá Ṣe Agbálẹ̀ Nínú Àpótí Iyùn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn oníṣòwò ẹran òkun fi ń tan àwọn tí ń sin ẹja jẹ ní Ìlú Òyìnbó, ó sì ti tó àkókò kí a kọ ojú ìjà sí i. Ọ̀rọ̀ náà ni pé agbálẹ̀ ni akàn tí ń gbé inú ìkarahun. Pé bí ènìyàn bá ti ní àpótí gíláàsì tí ó kún fún omi iyọ̀, ẹja aláràbarà àti iyùn tí ó wà láàyè, ohun tí ó kù kò ju kí ó ra akàn kan jù sínú rẹ̀ lọ, kí ó sì padà sórí àga rẹ̀, nítorí pé akàn náà yóò máa ṣa ìdọ̀tí jẹ, yóò máa ha ewéko kúrò lára òkúta, ilé yóò sì máa mọ́ láìsan owó oṣù fún ẹnikẹ́ni. Bí akàn náà bá jẹ́ irú èyí tí kì í tóbi títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Bí ó bá jẹ́ akàn ńlá ni, irọ́ ni. Irọ́ náà ń pa ẹja, ó ń pa iyùn, ní ìkẹyìn ó sì ń pa akàn fúnra rẹ̀.

Akàn ńlá kì í ṣe ohun èlò. Ẹ̀dá ni, ó ní oúnjẹ tirẹ̀, ilé tirẹ̀ àti ìwà tirẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fún un ní àpótí lọ́tọ̀, kí ó fi í sílẹ̀ nínú òkun. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ lónìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ó kàn wá nínú èyí, àwa tí àwọn mìíràn nínú wa ṣì ń wá omi tí wọn yóò mu. Ó kàn wá. Mo ti rí irú àpótí bẹ́ẹ̀ nínú ilé àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ìgbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn níbẹ̀, mo sì rí i pé owó tí ó tó owó ilé ni àwọn mìíràn ń ná lé e lórí. Pẹ̀lú èyí, inú òkun àwọn orílẹ̀-èdè bí tiwa ni a ti ń kó àwọn ẹran wọ̀nyí. Indonéṣíà àti Filipínsì ni ó ń kó ẹran òkun ọ̀ṣọ́ jáde jù lọ ní gbogbo ayé. Kẹ́ńyà náà wà nínú òwò náà. Amẹ́ríkà ni ó sì ń rà á jù lọ. A mọ irú òwò bẹ́ẹ̀ dáradára nílẹ̀ wa, níbi tí ẹni tí ó rì sínú omi ń gba kọ́bọ̀, tí ẹni tí ó jókòó sábẹ́ òrùlé ọjà sì ń gba pọ́n-ùn. Nígbà tí ẹran tí a kó la òkun kọjá báyìí bá kú láàárín oṣù mẹ́ta nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ irú oúnjẹ tí ó ń jẹ fún ẹni tí ó rà á, òmíràn ni a ó tún lọ kó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí a ń wí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti sọ, ṣùgbọ́n ojú nìkan kò lè ṣọ́ akàn tí à ń wí yìí. Iwájú rẹ̀ le bí ti àwọn akàn yòókù, ó sì ní ọwọ́ méjì tí ó dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí ẹran ìgbín tí a fà jáde, ó sì lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹja èyíkéyìí tí ó bá rí i níhòòhò yóò jẹ ẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe ń wá ìkarahun ìgbín òkun tí ó ti ṣófo, tí ó ń fi ìdí wọ inú rẹ̀, tí ó sì ń fi àwọn ẹsẹ̀ kéékèèké tí ó wà lẹ́yìn di inú ilé náà mú ṣinṣin. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e, nítorí pé ìgbín ni ó ni ilé rẹ̀, ara rẹ̀ ni ó sì fi kọ́ ọ. Akàn yìí kò kọ́lé rí. Ayálégbé ni, akàn ayálégbé ni n ó sì máa pè é nínú ọ̀rọ̀ mi.

Ìyọnu ayálégbé yìí ni pé ara rẹ̀ ń dàgbà, ilé rẹ̀ kò sì dàgbà. Láti ìgbà èwe títí dé ọjọ́ ogbó, ilé ni ó ń wá. Ní 1988, Ivan Chase, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ̀wé lórí bí ìkarahun ṣe ń ti ọwọ́ akàn kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Bí ìkarahun ńlá kan bá ṣófo, akàn tí ó bá mu yóò kó sínú rẹ̀. Èyí tí ó kéré sí i yóò kó sínú ilé tí ẹni ìṣáájú fi sílẹ̀. Èyí tí ó tún kéré sí i yóò tẹ̀lé e, títí ilé tí ó kù yóò fi burú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá ti wá yàrá ní Èkó rí kò ní rò pé ìtàn àlọ́ ni mo ń pa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fi sùúrù tò bẹ́ẹ̀. Akàn tí ó bá lágbára yóò di ìkarahun ẹlòmíràn mú, yóò máa fi tirẹ̀ kàn án lemọ́lemọ́, gbà gbà gbà, títí onílé yóò fi jáde fún un. Ìdí nìyí tí akàn ńlá méjì kò fi gbọdọ̀ wà nínú àpótí kan, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ títóbi. Akàn ayálégbé pọ̀ ní irú. Àwọn kan wà tí gbogbo ara wọn kò ju orí àtàǹpàkò lọ, bí èyí tí ó ní ẹsẹ̀ aláwọ̀ aró ní òkun Kàríbíà; àwọn wọ̀nyí ń jẹ ewéko wẹ́wẹ́ àti oúnjẹ tí ó bọ́ sílẹ̀, wọn kì í sì í ṣe iyùn ní ibi púpọ̀. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n jẹ́ òmìrán. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dardanus megistos pupa bí osùn, ó kún fún àmì funfun tí a fi dúdú yí ká, ó nírun ní ẹsẹ̀, ó sì lè gùn ju íǹṣì 8 lọ. Láti etí òkun Ìlà-Oòrùn Áfríkà ni ó ti wà títí dé Hawaii. Ní òdìkejì ayé, láti Amẹ́ríkà títí dé Brazil, Petrochirus diogenes wà, èyí tí ó tóbi débi pé ìkarahun ìgbín ńlá ti Kàríbíà, tí ó lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ni ó fi ń ṣe ilé. Kì í sì í fi gbogbo ìgbà dúró kí ìgbín náà kú fúnra rẹ̀. Ó ń pa á, ó ń jẹ ẹ́, lẹ́yìn náà ó ń kó sínú ilé rẹ̀. Akàn àgbọn, tí ó wà ní àwọn erékùṣù òkun Íńdíà àti ti Pàsífíìkì, tí ó sì tóbi ju gbogbo ẹran irú rẹ̀ tí ń rìn lórí ilẹ̀ lọ, ìbátan wọn ni. Inú ìkarahun ni òun náà ń gbé nígbà tí ó wà lọ́mọdé.

Etíkun tiwa náà kò ṣaláìní akàn ayálégbé, ṣùgbọ́n a kò ní òkìtì iyùn ńlá bí ti àwọn ibi tí mo dárúkọ wọ̀nyí. Omi ẹrẹ̀ àwọn odò wa, àti omi tútù tí ń rú sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní àwọn ibì kan, kò jẹ́ kí irú rẹ̀ gbilẹ̀. Iyùn tí a mọ̀ ni èyí tí ó wà ní ọrùn àwọn ọba wa, òkun Mẹditaréníà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti wá. Ó yẹ kí a rántí pé kì í ṣe òkúta lásán ni iyùn. Ẹran wẹ́wẹ́ ni ó kọ́ ọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu ni ó wà lára ẹyọ kan ṣoṣo nígbà tí ó wà láàyè, ó sì lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan.

Láti mú iyùn wà láàyè nínú ilé kò rọrùn rárá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ sísin ẹran òkun nínú gíláàsì di àṣà: ilé ẹja ṣí ní ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ní 1853, Philip Henry Gosse sì gbé ìwé rẹ̀ lórí àpótí omi jáde ní 1854. Kíá ni àṣà náà ràn bí iná ọyẹ́. Tọkọtaya, ọmọdé, àlùfáà, gbogbo wọn gbé korobá lọ sí etí òkun. Nígbà tí Edmund, ọmọ Gosse, yóò kọ ìtàn baba rẹ̀ ní 1907, ó kédàárò pé wọ́n ti kó gbogbo ẹwà inú àwọn kòtò omi etí òkun náà lọ, tí kò sì kù sí nǹkan kan. Ìwé tí ó kọ́ wọn láti fẹ́ràn ẹran náà ni ó mú wọn pa á run. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé Òyìnbó nìkan ni ó mọ ọgbọ́n náà. Ní 1961, Lee Chin Eng, ará Jakarta ní Indonéṣíà, ṣàlàyé fún àwọn ará Amẹ́ríkà bí òun ṣe ń fi òkúta tí ó ní ẹ̀mí lára, omi òkun gidi àti afẹ́fẹ́ díẹ̀ mú iyùn wà láàyè, nígbà tí àwọn tí ó ní ẹ̀rọ ńláńlá kò rí i ṣe. Orí ohun tí ọkùnrin yìí rí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpótí iyùn òde òní dúró lé.

Inú irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ju akàn ńlá sí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ gbé ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ra akàn pupa kan lọ́wọ́ ẹnìkan tí n kò ní dárúkọ. Kò tóbi ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ ní ọjọ́ tí ó rà á. Ẹni tí ó tà á sọ fún un pé yóò bá a gbálẹ̀. Ó gbálẹ̀ lóòótọ́. Ó kọ́kọ́ jẹ gbogbo ìgbín tí ó wà nínú àpótí, ó sì wọ ilé ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn èyí, ẹranko tí ó ní ìrísí ìràwọ̀ kò sí mọ́. Ní òròòru ni a ń gbọ́ ìró òkúta tí ń ṣubú, nítorí pé ó ń gun orí iyùn lọ pẹ̀lú ilé wíwúwo lẹ́yìn rẹ̀, ohunkóhun tí a kò bá fi àtè lẹ̀ mọ́lẹ̀ a sì wó. Nígbà tí ó di oṣù keje, ẹja aláwọ̀ ìyeyè kan tí ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn gidigidi sùn sí ibi tí kò yẹ kí ó sùn sí. Ìrù rẹ̀ ni a bá ní òwúrọ̀. Ọ̀rẹ́ mi bú akàn náà ní abúburú. Èmi kò bá a bú u, nítorí pé akàn kò ṣe ju ohun tí akàn ń ṣe lọ. Ẹni tí ó tà á ni ó yẹ kí ó gba èébú.

Àwọn kan yóò wí pé akàn kò ju akàn lọ, pé kò mọ̀ bóyá ó wà nínú àpótí tàbí nínú òkun. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Robert Elwood àti Mirjam Appel ṣe ní Yunifásítì Queen's ní Belfast, tí wọ́n sì kọ jáde ní 2009. Wọ́n mú akàn ayálégbé kéékèèké ti etí òkun wọn, wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ìkarahun wọn, wọ́n sì ń fi agbára mànàmáná díẹ̀ gún wọn ní ikùn. Àwọn tí a gún nìkan ni ó sá jáde kúrò nínú ilé. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni èyí: àwọn tí ó wà nínú ìkarahun tí wọn kò fẹ́ràn tètè sá jáde, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà nínú irú èyí tí wọ́n fẹ́ràn fara dà á ju bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó fi ilé sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ara wọn kàn ń ta lásán ni, bí ẹsẹ̀ tí a fi òòlù kàn ní eékún, kí ni ó mú kí wọ́n máa wo ilé kí wọ́n tó sá? Ẹ̀dá tí ń wọn ìrora mọ́ ìpàdánù ni, bí ìwọ àti èmi.

Ní 2021, Jonathan Birch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yẹ ìwádìí tí ó lé ní 300 wò fún ìjọba Bìrìtìkó, wọ́n sì wí pé kí a ka akàn àti edé mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ń mọ ìrora. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbà bẹ́ẹ̀, ó sì wọ inú òfin ní 2022. Òfin náà kò de ẹni tí ń sin akàn ní yàrá rẹ̀. Ìlànà ìjọba ni ó ń yẹ̀ wò. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jáde, kò sí ẹni tí ó lè fi àìmọ̀ ṣe àwíjàre mọ́.

Báwo ni kí ẹni tí ó fẹ́ sin ín ṣe sin ín? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ó kọ́kọ́ tọ́jú àpótí tirẹ̀, èyí tí kò kéré sí gálọ́ọ̀nù 50 lójú tèmi, kí ó sì jẹ́ kí omi inú rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí akàn tó dé, nítorí pé àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí ń sọ ìgbẹ́ ẹran di ohun tí kò lè ṣe ibi, kì í pọ̀ tó ní ọjọ́ kan. Ìwọ̀n iyọ̀ inú rẹ̀ kí ó tó bí 35 nínú 1,000, bí ti òkun. Ooru rẹ̀ kí ó wà láàárín 24 àti 26 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bí oòrùn tàbí iná bá fa omi gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Nítorí náà omi tí kò ní iyọ̀ ni a fi ń dí i, omi iyọ̀ kọ́. Òkúta inú rẹ̀ gbọdọ̀ jókòó sórí gíláàsì ìsàlẹ̀ gan-an kí a tó da yanrìn yí i ká. Akàn ńlá a máa walẹ̀, bí òkúta bá sì wà lórí yanrìn, yóò wó lù ú. Wáyà àti ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná kí ó ní ààbò, kí àpótí sì ní ìdérí, nítorí pé ó mọ okùn gùn ju bí a ti rò lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi iyùn díẹ̀ sínú àpótí náà, kí ó yan èyí tí kò gbówó lórí, kí ó fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta, kí ó sì gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ọ̀ràn àkúnlẹ̀yàn ni. Irú akàn kan tilẹ̀ wà, Dardanus pedunculatus, tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹran òkun kan tí ó dà bí òdòdó, tí ó sì ń jóni bí ewé yèrèpè, sórí ìkarahun rẹ̀ kí ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ má baà lè sún mọ́ ọn. Bí ó bá pààrọ̀ ilé, yóò ká àwọn ọlọ́dẹ rẹ̀ wọ̀nyí kúrò ní ti àtijọ́, yóò sì tún wọn gbé sórí ti tuntun. Ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀ kò nílò ọ̀ṣọ́ mìíràn.

Ìkarahun ni ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù. Akàn kan ṣoṣo nílò ìkarahun òfìfo mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó tóbi ju èyí tí ó wọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, tí ẹnu wọn sì jọ ẹnu èyí tí ó ń gbé. A kò gbọdọ̀ kùn wọ́n ní ọ̀dà. Àwa tí baba wa fi owó ẹyọ ná ọjà, owó tí a kó láti erékùṣù Maldives wá, lè rò pé owó ẹyọ yóò ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù, akàn kì í sábà wọ inú rẹ̀. Bí akàn bá fi ilé sílẹ̀ tí ó ń rìn káàkiri níhòòhò, kí ẹni tí ó ni ín má ṣe rẹ́rìn-ín: yálà omi ti bàjẹ́ tàbí ilé kò gbà á mọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fà á jáde, nítorí pé yóò jẹ́ kí ara òun ya sí méjì kí ó tó jọ̀wọ́ ilé rẹ̀.

Oúnjẹ rẹ̀ ni edé, ẹran ẹja, ìsáwùrù àti ewé òkun, ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ebi ni ó ń sọ ọ́ di ọlọ́ṣà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yíyó kò sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Bí a bá kọ́kọ́ gbé e dé, a kò gbọdọ̀ dà á sínú omi tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí a fi máa kán omi àpótí sínú ohun tí a fi gbé e wá, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹja bá ń ṣàìsàn nínú àpótí kan náà, ẹ ṣọ́ra fún oògùn tí a fi bàbà ṣe. Ohun tí ń wo ẹja sàn yìí, májèlé ni fún akàn, ó sì lè fara pamọ́ sínú òkúta àti yanrìn fún ìgbà pípẹ́.

Ìgbà kan sì ń bọ̀ tí akàn yóò ṣàì jẹun, tí yóò kó sí abẹ́ òkúta, tí a ó sì rí òkú rẹ̀ lórí yanrìn ní òwúrọ̀, ọwọ́, ẹsẹ̀, ojú, gbogbo rẹ̀ pé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọkún, wọ́n sì ti da omi nù. Kì í ṣe òkú. Èèpo ara rẹ̀ ni ó bọ́ sílẹ̀ bí ejò ti ń bọ́ awọ. Ẹni tí ó bá gbé e wò yóò rí i pé inú rẹ̀ ṣófo, kò sì rùn bí òkú. Akàn fúnra rẹ̀ wà ní ibi ìsápamọ́ rẹ̀, ó rọ̀ bí ẹyin tí kò ní èèpo, ó ń dúró kí ara rẹ̀ le. Kí a má ṣe gbé òkúta, kí a má ṣe wá a. Bí a bá sì ní láti gbé e ní ọjọ́ mìíràn, ẹ̀yìn ìkarahun ni kí a ti dì í mú, kí ọwọ́ wa jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, nítorí ẹ̀mú rẹ̀ lè ya ẹran ìka.

Mo ti gbọ́ àwíjàre pé inú òkun náà ni ikú wà, pé ẹja ìbá ti jẹ ẹ́ bí a kò bá mú un. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja tí ó jẹ ẹ́ nínú òkun kò ṣèlérí kankan fún un. Ẹni tí ó mú ẹ̀dá kúrò ní ibi tí ó ti ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀ ti di baba ìsàlẹ̀ fún un, ìyẹn kò sì jọ ọ̀ràn ẹja rárá. Àwa tí a ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó ṣàkóso wa, pé ìyà ni à bá máa jẹ láìsí wọn, ni ó yẹ kí ó tètè rí àbùkù inú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ yín yóò túbọ̀ lókìkí bí ẹ bá gbé àpótí iyùn sí iyàrá ẹ̀kọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òun ni yóò máa san owó epo jẹnẹrétọ̀. Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, omi tí pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ bá dúró ní òru kò ní pẹ́ tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi tán. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí etí òkun nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ìkarahun tí ń rìn, kí wọ́n jókòó tì í láìfọwọ́ kàn án títí onílé yóò fi yọjú, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé wọn, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé ìkarahun òfìfo tí wọ́n ń ṣà kún àpò lè jẹ́ ilé tí ẹnìkan ń wá.

Ní ti àwọn oníṣòwò, mo ń béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sára àpótí kọ̀ọ̀kan bí akàn náà yóò ti tóbi tó nígbà tí ó bá dàgbà, ohun tí ó ń jẹ, àti òkun tí a ti mú un wá. Bí wọn kò bá sì fẹ́, kí òfin mú wọn ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ó ti mú àwọn tí ń ta oògùn. Owó ọ̀dà àti páálí kékeré kan kò lè pa ẹnikẹ́ni lówó. Ṣùgbọ́n títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ń rà ni ọ̀ràn wà. Ẹni tí akàn bá ti tóbi mọ́ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gbé e jù sínú òkun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹja kìnnìún, tí ilé rẹ̀ wà ní òkun Íńdíà àti ti Pàsífíìkì, ni a rí ní etí òkun Florida ní 1985, àwọn onímọ̀ sì gbà pé láti inú àpótí àwọn tí ń sin ín ni ó ti jáde. Ó ti tàn ká gbogbo Kàríbíà lónìí, ó sì ń jẹ ẹja ibẹ̀ ní àjẹrun. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dá akàn padà fún ẹni tí ó tà á fún un, tàbí kí ó kọ̀wé sí ilé ìfihàn ẹran omi tí ó súnmọ́ ọn. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò gbà á. Nítorí náà kí ó ti béèrè kí ó tó yọ owó lápò, nígbà tí akàn náà ṣì wà nínú ike oníṣòwò, tí kò tíì tóbi ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ.